Gallium: Irin tó ń yọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́, tó ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ooru

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà tó ku bí oṣù kan kí PlayStation 5 jáde, ilé iṣẹ́ Sony gbé fídíò kan síta, níbi tí ọ̀kan lára àwọn ẹnjiníà rẹ̀ ti tú ẹ̀rọ gémù náà palẹ̀. Lórí chip tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ohun kan wà tó ń dán bíi fàdákà, àmọ́ tó ń ṣàn bí omi. Irin ni. Sony ní ó lé ní ọdún méjì tí àwọn fi múra sílẹ̀ kí àwọn tó lè lò ó.

Ooru ló fà á. Gbogbo iná tó bá wọ inú chip, ooru ló máa ń dà níkẹyìn. Chip kọ̀ǹpútà alágbára kan tí kò fẹ̀ ju sítáǹpù lẹ́tà lọ lè máa lo iná tó tó ti gílóòbù LED ogún. Bí ooru yẹn kò bá rí ọ̀nà jáde kíákíá, chip náà á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ kàn kú lójijì.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń gbé irin kan, ìyẹn heatsink, lé chip lórí, kí fáànù lè máa fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ojú méjèèjì dán tó, wọn kì í bára mu délẹ̀délẹ̀. Atẹ́gùn á há sáàárín wọn, atẹ́gùn kì í sì í gbé ooru dáadáa. Thermal paste làwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fi máa ń dí àlàfo náà. Iṣẹ́ kan náà ni irin olómi ń ṣe, àmọ́ ooru ń tètè gba inú rẹ̀ kọjá ju inú paste lọ fíìfíì.

Irin wo ló ń ṣàn?

Mẹ́kúrì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni. Sodium àti potassium tí wọ́n pò pọ̀ náà máa ń ṣàn. Òun ni wọ́n fi gbé ooru nínú EBR-I, ẹ̀rọ núkílíà tó tan gílóòbù mẹ́rin ní Idaho, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, lóṣù Kejìlá ọdún 1951. Àmọ́ bó bá kan omi, ó ń gbiná. Ta ló máa gbé irú rẹ̀ sí pálọ̀?

Gallium yàtọ̀. Ní 29.8°C ló ti ń yọ́, nítorí náà ooru ọwọ́ èèyàn tó o. Ní ọ̀sán oṣù Kẹrin ní Maiduguri tàbí Niamey, kò tiẹ̀ ní dúró de ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá po indium àti tin mọ́ ọn, ó di Galinstan, tí kì í dì títí otútù fi dé nǹkan bíi 19°C sí ìsàlẹ̀ òdo. Ooru sì ń gba inú rẹ̀ kọjá ju inú omi lọ ní ohun tó lé ní ìlọ́po ogún.

Àwọn onímọ̀ kan tún ń fi í sínú páìpù dípò omi. Nítorí pé iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, agbára mágínẹ́ẹ̀tì lè tì í lọ láìsí ohun kankan tó ń yí nínú pọ́ǹpù. Albert Einstein àti Leo Szilard ti ronú kan irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀ fún fìríìjì láwọn ọdún 1920. Àmọ́ àsọdùn ni kí ẹnikẹ́ni sọ pé ayé omi ti tán: kí gíráàmù omi kan tó fi 1°C gbóná sí i, ooru tó máa gbà lé ní ìlọ́po mẹ́wàá ti gíráàmù gallium kan. Ibi tó há, tó sì gbóná gan-an, ni irin olómi ti wúlò jù.

Ó lè ba ẹ̀rọ jẹ́

Bí ìkán ṣe ń ṣe igi ni gallium ń ṣe alumíníọ̀mù. Ó máa ń wọ inú rẹ̀ lọ, títí irin tó le yóò fi máa fọ́ bíi bisikíìtì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bàbà tí wọ́n fi nickel bò ni wọ́n sábà máa ń lò pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ̀kán rẹ̀ kan bá sì já sórí motherboard, iná á gba ibi tí kò yẹ kó gbà, ẹ̀rọ lè jóná. Sony fi ohun kan yí chip náà ká kó má baà ṣàn jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tú PS5 òun, yálà ní Computer Village n'Ikeja tàbí ní Banex l'Abuja, yóò dára kó kọ́kọ́ bèèrè bóyá atúnṣe náà mọ ohun tó wà lábẹ́ heatsink rẹ̀.

Kí ló kan Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà?

Wọn kì í sábà wa gallium lọ́tọ̀. Inú bauxite, erùpẹ̀ pupa tí wọ́n fi ń ṣe alumíníọ̀mù, ló máa ń wà, ìgbà tí wọ́n bá sì ń fọ bauxite di alumina ni wọ́n ń yọ ọ́. Orílẹ̀-èdè China ló ń pèsè èyí tó lé ní ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gallium àgbáyé, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ló sì ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ kó o jáde kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ.

Guinea ni ilẹ̀ rẹ̀ ní bauxite jù lágbàáyé. Ó ní ilé iṣẹ́ alumina ní Fria láti ọdún 1960, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú bauxite rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbé lọ sí China bó ṣe wà. Gallium inú rẹ̀ ń bá a lọ.