Bí Fóònù Ṣe Lè Fi Ibi Tí Ẹ Wà Hàn Nígbà Pàjáwìrì

  

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní àsìkò ìkórè ìrẹsì, ejò bu bàbá àgbẹ̀ kan ṣán lẹ́sẹ̀ ní oko rẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀fàdà. Òun nìkan ni ó wà lóko. Fóònù wà lápò rẹ̀, owó sì wà nínú rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ ní Ìbàfò, ó ní, "Ejò ti bù mí ṣán o. Mo wà lóko, lẹ́bàá odò." Ọmọ náà ké sí àwọn ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀, àwọn náà sì ké sí mi. Ọ̀kadà mẹ́ta ni a gùn lọ. Ṣùgbọ́n oko mẹ́ta ni bàbá yìí ní, odò sì kọjá létí méjì nínú wọn. Oko tí kò sí ni a kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a tún pè é, fóònù kò wọlé mọ́. Ó lé ní wákàtí kan kí a tó rí i. Orí bá a ṣe é, ó dé ilé ìwòsàn, ó sì yè. Ní ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé fóònù yìí kò lè sọ ibi tí bàbá mi wà ni?"

Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ dáhùn lónìí. Fóònù lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí agbára náà mọ ni yóò mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe sílẹ̀ kí ọjọ́ ewu tó dé.

Láyé tẹlifóònù onígbà, okùn ni ó so tẹlifóònù mọ́ ilé. Bí ìpè bá ti wọlé, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù mọ ilé tí okùn náà ti wá. Irú tẹlifóònù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n dá nọ́ńbà pàjáwìrì 999 sílẹ̀ ní ọdún 1937. Nígbà tí GSM dé sí Nàìjíríà ní ọdún 2001, fóònù já okùn, ó di alágbèéká. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà lè sọ orúkọ ẹni tí ó ni ín, kò lè sọ ibi tí ẹni náà dúró sí. NIN tí ìjọba ní kí a so mọ́ ìlà wa láti òpin ọdún 2020 kò yí èyí padà. Ó ń sọ ẹni tí a jẹ́, kì í sọ oko tí a wà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń wá ibi tí fóònù wà.

(a) Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sí ìpè tí kò gba ara òpó kan kọjá. Ilé iṣẹ́ fóònù mọ òpó tí ó gbé ìpè yín, ó sì sábà máa ń mọ ìhà tí ìpè náà ti wá sí ara òpó ọ̀hún. Ẹ̀rọ GSM tún máa ń wo bí ohùn fóònù ṣe pẹ́ tó kí ó tó dé òpó, yóò sì fi ìyẹn díwọ̀n ọ̀nà tí ó wà láàárín wọn, ní ìpele nǹkan bíi mítà 550. Nínú ìlú tí òpó pọ̀ sí, èyí lè sún mọ́ àdúgbò tí ẹ wà. Ní ìgbẹ́ tí òpó kò pọ̀, ó lè jẹ́ kìlómítà mélòó kan ni a óò máa wá yín kiri. Ẹ tún rántí pé òpó tí fóònù bá gbọ́ dáadáa jù ni yóò gbá mú, kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ èyí tí ó sún mọ́ ọn jù. Ẹni tí ó wà ní Ìbàfò lè pè, kí òpó kan ní ìhà Èkó sì gbé ìpè rẹ̀.

(b) GPS. Àwọn sátẹ́láìtì kan ń yí ayé po ní òkè, ní nǹkan bíi 20,000 kìlómítà sí wa. Fóònù tí a ń fi ìka tẹ ojú rẹ̀ máa ń gbọ́ wọn. Bí ó bá gbọ́ mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè ṣírò ibi tí ó wà, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju mítà márùn-ún sí ibi gan-an bí ojú ọ̀run bá là. Lábẹ́ igi tí ó ṣú dùdù tàbí lábẹ́ páànù, àṣìṣe rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i. Gbígbọ́ yìí kò gba owó. Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn tó lè mọ ohun tí fóònù yín gbọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, ìyẹn sì ń fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kò ní GPS rárá.

(d) Wi-Fi. Nínú ìlú, fóònù lè dá àwọn Wi-Fi tí ó wà nítòsí mọ̀, kí ó sì ti ara wọn mọ ibi tí ó wà. Èyí wúlò ní ọjà Mowe. Kò wúlò láàárín ebè ẹ̀gẹ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti so àwọn ọ̀nà wọ̀nyí pọ̀. Ní ọdún 1996, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù alágbèéká pé kí wọ́n máa fi ibi tí ẹni tí ó pe 911 wà hàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kan tí ó jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti tẹ 999, fóònù náà fúnra rẹ̀ yóò tan GPS, yóò sì fi ibi tí ó wà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́, kódà bí ẹni tí ó pè kò bá lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n kí irú èyí tó ṣiṣẹ́, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ fi ohùn ṣọ̀kan: fóònù, ilé iṣẹ́ fóònù, àti ibi tí a ti ń gbé ìpè pàjáwìrì. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, ibi tí ẹ wà kò ní kúrò nínú fóònù yín.

Níhìn-ín, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì Nàìjíríà, lábẹ́ àjọ NCC tí ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni lórí gbogbo ìlà. Ẹ pè é, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ẹni tí ó gbé e ti rí yín. Ohun tí yóò bi yín ni ibi tí ẹ wà, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́nu.

Ńkọ́ àwọn tí ń fi íntánẹ́ẹ̀tì pè? WhatsApp kò lè pe 112. Bí ẹ bá sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà tí ayé ń rí lè jẹ́ ti ẹnu ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ yín gbà wọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè wà ní Ifọ̀, kí ó máa sọ pé Èkó ni ẹ wà. Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè lo ibi tí wọ́n kọ "Location" sí lórí WhatsApp láti fi ohun tí GPS rí ránṣẹ́ sí ọmọ tàbí ará yín, kí òun lè tọ̀ ọ́ wá.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí nọ́ńbà tí GPS ń fún ni. Méjì ni wọ́n. Èkíní ń sọ bí a ṣe lọ sí àríwá tó, èkejì ń sọ bí a ṣe lọ sí ìlà-oòrùn tó. Mowe àti Ifọ̀ jọ wà ní 6.8 ní àríwá. Nọ́ńbà kejì ni ó yà wọ́n: 3.4 ni ti Mowe, nǹkan bíi 3.2 sì ni ti Ifọ̀. Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá tẹ̀ lé pọ́ínǹtì, ìwọ̀n kìlómítà 11 ni a óò fi wá yín. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin ni ó tẹ̀ lé e, ìwọ̀n mítà 11 ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe gé nọ́ńbà yìí kúrú.

Ohun tí a rọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan láti ṣe nìyí:

1. Kí ẹni tí ó ní fóònù tí ó ń ṣe Google Maps bá àwọn yòókù dé oko wọn. Kí ó fi ìka tẹ àmì róbótó aláwọ̀ búlúù mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nọ́ńbà méjèèjì yóò sì jáde.

2. Kí akọ̀wé kọ wọ́n sínú ìwé ẹgbẹ́, pẹ̀lú orúkọ olóko. Ẹni tí ó ní oko mẹ́ta, kí a kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì fún oko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ.

3. Kí olóko fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà náà sí ara ahéré, kí ó sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nílé. Olówó fóònù kékeré náà lè kà á fún ẹni tí ó bá pè.

4. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ sọ oko tí ẹ ń lọ, kí iná sì wà nínú bátìrì yín.

5. Bí ewu bá dé, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ wà kí ẹ tó sọ ohun tí ó ṣe yín, torí pé ìpè lè já. Ẹ lè sọ pé: "Ìpínlẹ̀ Ògùn, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, oko ìrẹsì lẹ́yìn Ọ̀fàdà, ejò bù mí ṣán." Ẹ má ṣe gbàgbé orúkọ ìpínlẹ̀, torí Èkó kò jìnnà sí wa. Bí ara bá gbà á, ẹ dúró lójú kan.

Ìkìlọ̀ kan kù. Ohun tí ó ń fọ̀nà han olùrànlọ́wọ́ lè fọ̀nà han olè. Ìwé nọ́ńbà oko gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé àti alága, kì í ṣe lójú gbogbo ayé. Ẹ má sì fi ibi tí ẹ wà ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀.

Bàbá tí ejò bù ṣán ti padà sóko. Ní ara ahéré kọ̀ọ̀kan nínú oko rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà méjì méjì síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ni ó bá a kọ ọ́.