Ẹ̀wọ̀n Yopougon: Ìyá ló ṣẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣẹ̀

Ní ọdún 1980 ni wọ́n kọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ńlá tó wà ní Yopougon, ní ìlú Abidjan. Àhámọ́ àti àtúnṣe ni orúkọ tí wọ́n fún un nígbà náà dúró fún. Èèyàn 1,500 ni wọ́n kọ́ ọ fún, ṣùgbọ́n ó kún ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn obìnrin ní ilé tiwọn lọ́tọ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn sì pọn ọmọ sẹ́yìn wọlé.

Ní ọdún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi Ìlànà Bangkok lélẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹlẹ́wọ̀n. Ìyá tó bá kọ́ṣẹ́ lẹ́wọ̀n ni yóò lè gbọ́ bùkátà ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá jáde. Láìsí èyí, àhámọ́ nìkan ló kù. Àtúnṣe ti di orúkọ lásán.