Oògùn Agbára àti Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Ṣe Eré Ìdárayá

Ní oṣù Keje ọdún 2014, ní ìlú Glasgow, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, Chika Amalaha, ẹni ọdún 16 péré, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú gbígbé irin wúwo ní Ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́lì. Ayọ̀ náà kò tí ì rọlẹ̀ tí àyẹ̀wò fi hàn pé oògùn amúnitọ̀ oríṣi méjì wà nínú ara rẹ̀. Wọ́n gba wúrà náà padà. Oògùn amúnitọ̀ kì í fún ni lágbára. Èèwọ̀ ni nínú eré ìdárayá nítorí pé ó ń fa omi ara jáde kí ènìyàn lè fúyẹ́ lórí òṣùwọ̀n, ó sì lè fi omi la ìtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ipa oògùn mìíràn yóò fi pamọ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa ní ìpínlẹ̀ yìí. Ní ọdún 2010, Oludamola Osayomi, ọmọ tí a bí ní Iléṣà, pàdánù wúrà eré sísá rẹ̀ ní Delhi nítorí oògùn tí a kà léèwọ̀. Ó ní ìrora eyín ni òun ń tọ́jú. Ní ọdún 2021, wọ́n dá Blessing Okagbare dúró ní Tokyo. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2022, ìjìyà rẹ̀ ti di ọdún 11. Irú ìròyìn báyìí ń wọ ilé wa ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá láti inú rédíò àti fóònù. Ẹ̀kọ́ tí àgbà rí kọ́ nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ. Ọmọ lè sọ pé, bí akọni bẹ́ẹ̀ bá ń lo nǹkan, ta ni èmi tí n kò ní lò?

Steroid tí àwọn eléré ìdárayá ń lò jọ họ́mónù tí ń sọ ọmọkùnrin di géńdé. Bí a bá gún un lábẹ́rẹ́, iṣan a máa wú lóòótọ́. Kí a má ṣe purọ́ èyí fún àwọn ọmọ, nítorí wọn yóò fi ojú ara wọn rí ẹni tí ó lò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti ìta bá ti pọ̀ tó, kórópọ̀n yóò dẹ́kun iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì súnkì. Ọmọ tí kò tí ì dàgbà tán, ibi tí egungun rẹ̀ ti ń gùn lè tètè dì, kí ó má sì ga mọ́. Ti ọmọbìnrin tún burú jù: irùngbọ̀n a hù, nǹkan oṣù a dáwọ́ dúró, ohùn a sì ki, ohùn tí ó bá ti ki kì í sábà padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn àti ti ẹ̀dọ̀ ń bẹ lẹ́yìn. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì ń pín abẹ́rẹ́ kan lò, kòkòrò àrùn éèdì lè bá a wọlé.

Steroid mìíràn wà tí ó sún mọ́ ilé ju èyí lọ. Dexamethasone àti prednisolone ni, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń rà ní kẹ́mísítì láìsí ìwé dókítà kí wọ́n lè sanra. Sísanra yẹn kì í ṣe ti ìlera: ojú a wú, ìtọ̀ ṣúgà lè bẹ̀rẹ̀, egungun a rọ, àrùn a sì máa tètè ràn ọmọ náà. Èyí kò bu iṣẹ́ oògùn náà kù. Ẹ̀yin ìyá tí dókítà kọ ọ́ fún ọmọ yín nítorí ikọ́ ẹ̀fée, ẹ má ṣe sọ ọ́ nù nítorí ohun tí ẹ kà níhìn-ín.

Bí ọmọ yín bá ń yára sanra tàbí tí iṣan rẹ̀ ń wú ju bí oúnjẹ rẹ̀ ti mọ lọ, tí irorẹ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀, tí inú ń tètè bí i, ẹ bi í ní pẹ̀lẹ́, ẹ má kọ́kọ́ lu ú. Ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, wàrà àti oorun tó pọ̀ ni ó ń mọ iṣan ọmọ tí ń sáré. Bí ó bá ti lo dexamethasone fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, nítorí ara rẹ̀ ti gbàgbé bí a ti ń ṣe tirẹ̀, ó sì lè dá kú. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba pẹ̀lú páálí oògùn náà lọ́wọ́, kí dókítà lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.