Kòkòrò Igi Páìnì Tí Èbu Pa

Òkú kòkòrò tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ kàn mọ́ páálí. Igbó páìnì ní Scotland.

Hylobius abietis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Irú rẹ̀ máa ń gùn tó mìlímítà 8 sí 14, ó sì bá kòkòrò onímú gígùn tó ń ba àgbàdo jẹ́ nínú àká tan. Bí wọ́n bá gé páìnì lulẹ̀, ara kùkùté ló ń yé ẹyin sí. Tó bá dàgbà tó jáde, èèpo àwọn igi kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ló ń jẹ. Tó bá ti jẹ èèpo ọ̀hún yí ká, igi náà kú nìyẹn.

Èbu tí ń jẹ́ Beauveria bassiana ló pa eléyìí. Inú ilẹ̀ igbó gan-an ni èbu náà ń gbé. Hóró rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí, á lẹ̀ mọ́ kòkòrò lára, á hù, á dá awọ rẹ̀ lu, á sì tàn ká inú rẹ̀. Ẹ wo oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa: ibẹ̀ ni òwú funfun èbu náà ti ya jáde, torí awọ ibẹ̀ ló rọ̀ jù.

Agostino Bassi, ará Ítálì, ló fi hàn ní 1835 pé èbu yìí ló ń pa kòkòrò sílíkì. Lónìí, àwọn onímọ̀ igbó ń dán an wò lára kòkòrò páìnì, kí lílo oògùn apakòkòrò lè dínkù. Kì í yá bí oògùn, ṣùgbọ́n ó yẹ ká ní sùúrù fún un.