Cecil Jones Attuquayefio, ará Gánà tó sin Ọ̀kẹ́rẹ́ dé Tùnísíà

Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni Cecil Jones Attuquayefio fi ayé sílẹ̀, lẹ́ni ọdún 70. Gbogbo Gánà ló ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àwa tí a wà ní Akpro-Missérété àti ní Àjàṣẹ́ náà ní ìpín nínú ọ̀fọ̀ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa tó ń wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè yìí lè má tíì gbọ́ orúkọ ọkùnrin náà rí.

Agbábọ́ọ̀lù ni kí ó tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní 1965, ó wà nínú ikọ̀ Black Stars tó lọ gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Tùnísíà, tí wọ́n borí onílé 3-2 nínú àṣekágbá. Ní 2000, ó kó Hearts of Oak ti Accra lọ gba ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jùlọ ní Áfíríkà. Espérance, ọmọ Tùnísíà bákan náà, ni wọ́n fàgbà hàn. Ní ọdún yẹn, àjọ CAF fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá tó pegedé jùlọ.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló gbà láti wá tọ́ Écureuils, Ọ̀kẹ́rẹ́ wa. (Orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí nìyẹn, ní 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i sí Guépards.) Láti ìgbà òmìnira ní 1960, ẹsẹ̀ wa kò tíì tẹ ibi ìdíje CAN rí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè a máa ré òkun kọjá lọ wá akọ́ni; tiwa wá láti ẹ̀yìn Tógò níbẹ̀ yẹn, ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Zambia, tó ti dé àṣekágbá CAN lẹ́ẹ̀mejì, wà nínú ìsọ̀rí wa. Écureuils ló jáde, Zambia jókòó sílé.

Bẹ́ẹ̀ ni Attuquayefio ṣe padà sí Tùnísíà ní 2004, pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Gúúsù Áfíríkà nà wá 2-0, Mòrókò nà wá 4-0. Ẹni tó bá ka àmì nìkan yóò ní òfo ni a mú bọ̀. A kò gbà fún un. Ó ku Nàìjíríà, ẹni tó bá sì ní ẹbí ní òdìkejì ibodè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ti jẹ méjì. Nígbà tí aago sún mọ́ ìṣẹ́jú 90, Moussa Latoundji, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́, gbá bọ́ọ̀lù wọnú àwọ̀n. 2-1 ni wọ́n fi lù wá, ṣùgbọ́n góòlù àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè Benin jẹ nínú CAN nìyẹn.

Bí ìdíje ọ̀dọ́ kan ní Akpro-Missérété bá ń wá orúkọ tí yóò jẹ́, a mọ èyí tí a óò dá lábàá.

Ní 2019, ní Íjíbítì, Ọ̀kẹ́rẹ́ fi gbá-á-sílé-n-gbá-á-sílé lé Mòrókò kan náà dànù, wọ́n sì wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn. Ọdún mẹ́rin ti kọjá tí Attuquayefio ti wà lábẹ́ ilẹ̀.