Ìfipábánilòpọ̀: Ìdí Ìdákẹ́ àti Ọ̀nà Ìrànwọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́. Aáwọ̀ láàrin ojúlùmọ̀ ni òwe yìí ń bá wí; ìfipábánilòpọ̀ kì í ṣe aáwọ̀, ọ̀ràn ni. Síbẹ̀, òun ni ẹbí fi ń pa ẹni tí ó kàn lẹ́nu mọ́ bí ọ̀daràn bá jẹ́ ìbátan. Láti Ayétòrò létí òkun, ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ dé Igbókòdá, ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Jíjìn ọ̀nà a sì máa ti ìtìjú lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀, láàrin wákàtí 72 ni oògùn adènà kòkòrò éèdì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣòfin lòdì sí ìwà ipá ní 2021, ṣùgbọ́n òfin kò lè gbọ́ ohun tí a kò sọ. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀, kí ó gbà á gbọ́, kí ó má bèèrè aṣọ tí ó wọ̀, kí ó sì bá a wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.