Igbá Inú Ilé: Ohun Èlò Ojoojúmọ́ àti Ogún Àwọn Baba Wa

Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Igbá ni.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Fìdítì, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ìyá àgbà ilé wa ní igbá kan tí wọ́n fi ń bu omi. Ní ọjọ́ kan, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì sán. Mo ti ń sunkún kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n wọn kò nà mí. Wọ́n mú òòlu, wọ́n lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí ó ti sán, wọ́n sì fi okùn rán an pọ̀. A kò fi bu omi mọ́. Èlùbọ́ ni a ń kó sí i fún ọdún púpọ̀.

Ìgbà tí mo ka ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá àgbà yìí ní ìtàn. Johnson sọ pé nígbà tí àwọn ìjòyè kọ Aláàfin Aólẹ̀, ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, igbá òfìfo tí a fi ọmọrí dé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Àrokò ni, ọba kò bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ó tó kú, ó gbé àwo amọ̀ jáde, ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀, ó sì ṣépè. Kò fọ́ igbá, nítorí pé igbá tí ó fọ́ ṣe é rán, àwo kò ṣe é rán. Ó fẹ́ kí èpè náà jẹ́ èyí tí kò ní àtúnṣe. Lójú tèmi, ẹni tí kò rí igbá rírán rí kò lè mọ bí èpè náà ti wúwo tó.

Báyìí ni ohun èlò ṣe ń so wá mọ́ ogún wa: ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n, kí etí tó gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ẹ wo iye orúkọ tí a fún èso ìtàkùn yìí. Èyí tí ó ní ọrùn, tí a fi ń gbé ẹmu, ni akèrègbè. Èyí tí a fi ń mu ẹmu ni ahá. Èyí tí ó kéré jù, tí a ń fi oògùn sí, ni àdó. Èyí tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ tàbí owó ẹyọ hun lára, tí a ń mì, ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn afíngbá Ọ̀yọ́ sì ń fi ọ̀bẹ kékeré fín ọnà sí ara igbá.

Abọ́ tánganran dé, ike tẹ̀ lé e. Èmi kò bínú sí ike; ó fúyẹ́, kì í sì í tètè fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pa òwe fún àwọn ọmọdé kan ní Fìdítì pé kèrègbè tí ó fọ́, gbogbo wọn ni ó parí rẹ̀ pé a padà lẹ́yìn odò. Mo ní kí wọ́n fi kèrègbè hàn mí. Kò sí ẹni tí ó rí i rí.

Lóòótọ́, a ṣì ń gbé igbá níbi ìdána, títí dé Lọ́ńdọ̀nù pàápàá. Ọjọ́ kan péré ni ìyẹn. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí náà ń tọ́jú igbá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í bu omi níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá ti pe igbá rẹ̀ ni à á bá a pè é. Bí a bá pè é ní pàǹtí, àwọn ọmọ wa yóò dà á nù. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá pé kí ẹ gbé akèrègbè wọ kíláàsì kí ẹ tó pa òwe rẹ̀. Mo sì bẹ ẹ̀yin òbí pé kí igbá kan ṣoṣo wà nílé tí a ń lò. Ogún wa ti sán, ṣùgbọ́n igbá ni, kì í ṣe àwo.